Bí ẹ ṣe máa yan sìkútà tí Màmá lè gbé wọ pléènì, tí wọn ò ní dá a padà lẹ́nu kọ́ńtà

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀ nìyí: a ra sìkútà oníbátìrì, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí ẹni tí kò lè rìn dáadáa máa ń jókòó gùn, fún Màmá tàbí Dádì torí orúnkún, a san owó gidi, wọ́n gùn ún nínú ṣọ́ọ̀bù ó dùn mọ́ wọn, a wá gbé e dé airport ká lè lọ sílé fún ìnáwó, ni ẹni tó wà lẹ́nu kọ́ńtà bá bẹ̀rẹ̀ wo bátìrì, ó ní eléyìí ò lè wọlé. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Bátìrì 24V, 20Ah ni, èyí tó ṣeé yọ, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn já mọ́ nǹkan kan. Àbúrò mi tó wá sìn wá ló gbé bátìrì padà sí Croydon ní London, sìkútà nìkan ló dé Ìkẹjà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ ń gùn ún ṣeré bí ẹṣin onígi. Màmá jókòó gbári sójú kan níbi ìnáwó tí àwọn fúnra wọn pe èèyàn sí.

Torí náà ẹni tó fẹ́ máa gbé sìkútà rìnrìn àjò, pàápàá láàárín ìlú òyìnbó àti ilé, ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọjà àti ọsibítù àdúgbò nìkan ló fẹ́ máa gùn ún lọ, èyí tó tóbi tó sì rọ̀ṣọ̀mù ló dáa fún un, kó má fi eléyìí yọ ara ẹ̀ lẹ́nu.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó wá ṣọ́ọ̀bù lọ

Ẹ wá téèpù ìwọ̀n, ti káfíńtà ló dáa jù. Ẹ wá òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gùn láti mọ bí èèyàn ṣe wúwo tó. Ẹ ní kí ẹni tó wà nílé ya fọ́tò gbogbo ibi tí sìkútà máa gbà kọjá, géètì, àtẹ̀gùn, kọ́rídọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kó gbé ìgò kóòkì kan sílẹ̀ nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ lè mọ bí nǹkan ṣe ga tó. Ẹ mọ orúkọ gbogbo pléènì tẹ́ ẹ máa wọ̀, àti ti abẹ́lé o, kì í ṣe èyí tó ń kúrò ní London nìkan. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé ni ẹni tó máa gbé e sínú bọ́ọ̀tù. Kì í ṣáà ṣe Màmá ló máa gbé e. Ẹni yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ mú dání lọ ṣọ́ọ̀bù.

Ìpele 1: Ẹ wọn èèyàn, ẹ wọn ọkọ̀, ẹ wọn ilẹ̀kùn

Ẹ jẹ́ kí Màmá gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú aṣọ àti bàtà. Ẹ wá fi kílò 10 kún un torí báàgì, ẹ mọ̀ pé àwọn ìyá wa kì í jáde lọ́wọ́ òfìfo, ìgò omi méjì, Bíbélì, agboòrùn, oògùn, ẹrù táwọn ẹlòmíì ní kí wọ́n bá àwọn mú dání. Ọ̀pọ̀ sìkútà kékeré tó ń ká ò gbà ju kílò 115 tàbí 120 lọ, àwọn kan gbà tó 136. Tí ẹ bá ṣírò tó jẹ́ 112, ẹ má ra ti 115 torí pé ó ṣẹ́ kù díẹ̀, mọ́tò ẹ̀ á máa gbóná ní gbogbo ìgbà tó bá gun òkè.

Bọ́ọ̀tù ńkọ́? Ẹnu bọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kì í ṣe inú ẹ̀. Inú lè fẹ̀ bíi yàrá kí ẹnu ẹ̀ há.

Tẹ́ ẹ bá wà ní London tẹ́ ẹ tún fẹ́ máa gbé e wọ bọ́ọ̀sì, kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60, kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà kan lọ. Òfin UK pín wọn sọ́nà méjì, class 2 ò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 láàárín wákàtí kan, orí ibi táwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn ló wà fún, class 3 lè sá máìlì 8 lójú títì, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ DVLA, iléeṣẹ́ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní UK. Class 2 ni gbogbo èyí tí mò ń sọ níbí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gé páálí ńlá kan tó fẹ̀ tó sì gùn gẹ́lẹ́ bí sìkútà yẹn ṣe rí tí wọ́n bá ti ká a, ẹ tì í wọ ẹnu bọ́ọ̀tù. Tí páálí bá ní láti tẹ̀ kó tó wọlé, irin ò ní tẹ̀ fún yín.

Ìpele 2: Bátìrì, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Ẹ pẹ́ níbí. Àwọ̀ lè má wù yín, àga lè le díẹ̀, gbogbo ìyẹn ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n bátìrì tí kò bá òfin pléènì mu, kò sí àtúnṣe ẹ̀ lẹ́nu kọ́ńtà, ẹkún ò ràn án, ẹ̀bẹ̀ ò ràn án.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń wò ni Wh (watt-hour), ìyẹn iye agbára tí bátìrì lè gbà. Tí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ mú V (fóltì), ẹ fi Ah (ampere-hour) sọ ọ́ di púpọ̀. 24V pẹ̀lú 10Ah jẹ́ 240Wh. 24V pẹ̀lú 12Ah jẹ́ 288Wh. 24V pẹ̀lú 15Ah ti di 360Wh. Tèmi tí mo gbé lọ lọ́jọ́sí jẹ́ 480Wh, ẹ ò rí i pé orí ló kó mi yọ tí wọn ò fi gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Òfin IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ pléènì lágbàáyé, tí àwọn onípléènì ń tẹ̀ lé pín bátìrì sí oríṣi mẹ́ta:

Àkọ́kọ́, lithium tó ṣeé yọ. Kò gbọdọ̀ ju 300Wh lọ. Tó bá jẹ́ méjì ló wà lára sìkútà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò gbọdọ̀ ju 160Wh. Ẹ máa yọ ọ́, ẹ máa fi nǹkan bo ẹnu ẹ̀ kí irin má baà kan irin, ẹ máa gbé e dání wọ inú pléènì, kò gbọdọ̀ bá ẹrù lọ sísàlẹ̀. Ẹ tún lè mú bátìrì àfikún kan dání tí kò ju 300Wh, tàbí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju 160Wh.

Ìkejì, lithium tí wọ́n dè mọ́ ara sìkútà tí kò ṣeé yọ. Ìyẹn lè bá sìkútà lọ sísàlẹ̀, 300Wh ò sì dè é, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ rí i pé ó dì mọ́ ara ẹ̀ dáadáa tí nǹkan kan ò lè gbá a. Lóòótọ́ òfin gbà á, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní rà á, torí àlàyé á ti pọ̀ jù, ẹ ò sì mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá lẹ́nu kọ́ńtà ní aago 5 ìdájí.

Ìkẹta, bátìrì olójé tí wọ́n dé pa, tí ásíìdì ẹ̀ ò lè dà síta, èyí tí wọ́n ń pè ní gel tàbí AGM. Òun máa ń dúró sínú sìkútà, kẹ́ ẹ ṣáà pa á, kẹ́ ẹ sì dáàbò bo ẹnu ẹ̀. Ó wúwo bí òkúta, ó sì lè gba gbogbo òru kó tó kún, àmọ́ ó ti pẹ́ láyé, àwọn ẹlẹ́rù mọ̀ ọ́n, owó ẹ̀ ò sì ga.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà: ẹni tó ń tà á á ní kẹ́ ẹ fi owó díẹ̀ lé e kí wọ́n fún yín ní bátìrì tó ń lọ jìnnà, fọ́tò kan náà, orúkọ kan náà, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti kọjá 300Wh. Ẹ kọ̀. Omíì á sọ pé wọ́n ti kọ ọ́ sára páálí pé gbogbo airline fọwọ́ sí i. Irọ́ ńlá. Kò sí òǹtẹ̀ kankan lára páálí tó lè de onípléènì, àwọn fúnra wọn ló ń pinnu. Ẹ béèrè ìwé UN 38.3, ìyẹn ìwé ìdánwò tí bátìrì lithium gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó lè gbé e kiri. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ti pé ó ń lọ jìnnà yẹn, ẹ má gba iye tí wọ́n kọ gbọ́. Orí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n ti ń dán an wò, pẹ̀lú ẹni tó fúyẹ́ àti bátìrì tuntun. Èmi máa ń pín in sí méjì. Tí wọ́n bá kọ kìlómítà 16, mo ti mọ̀ pé 8 ni tiwa.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ yọ bátìrì fúnra yín, ẹ yí i padà, ẹ fi fóònù ya ibi tí wọ́n kọ V, Ah tàbí Wh sí lára ẹ̀. Ara bátìrì o, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá sí níbẹ̀ tàbí ó ti pa rẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn.

Ìpele 3: Bó ṣe ń ká, àti ẹni tó máa gbé e

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ká. Èyí tí ẹ máa fọwọ́ ká fúnra yín, òun ló máa ń fúyẹ́ jù. Èyí tó ń ká ara ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ rìmóòtù, ó dùn ún wò, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́, àmọ́ mọ́tò tó ń ká a yẹn kílò ni, ọjọ́ tí kò bá sì fẹ́ ká níwájú ọ̀nà pléènì, wàhálà dé. Ìkẹta ni èyí tẹ́ ẹ máa tú sí wẹ́wẹ́, àga lọ́tọ̀, bátìrì lọ́tọ̀, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Tinú bọ́ọ̀tù ni ìkẹta yìí dáa fún, torí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò wúwo púpọ̀, ṣùgbọ́n ní airport, nǹkan mẹ́rin tẹ́ ẹ fún wọn lè di mẹ́ta kó tó dé Ìkẹjà.

Tí wọ́n bá kọ kílò 25, ẹ má kà á bíi nọ́ńbà lásán. Àbọ̀ báàgì ìrẹsì nìyẹn! Ó tiẹ̀ ju àpótí kílò 23 tí gbogbo wa ń pariwo ẹ̀ ní airport lọ, kò sì ní ibi ìdìmú tó dáa, irin ẹ̀ á máa gbá yín lójúgun. Àbúrò mi, ọkùnrin bí-ọkùnrin, gbé tiwa lẹ́ẹ̀kan ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ béèrè bóyá kílò tí wọ́n kọ ní bátìrì nínú tàbí kò ní, torí òmíràn á kọ èyí tí kò ní bátìrì kó lè dà bíi pé ó fúyẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ẹni tó máa gbé e gbé e wọ bọ́ọ̀tù tiyín, kó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ìgbà mẹ́ta léra. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó ń di ìbàdí mú, ẹ mú òmíràn.

Ìpele 4: Táyà, àti ilẹ̀ tó fẹ́ rìn lórí ẹ̀

Ẹ gbé fọ́tò tí wọ́n yà nílé jáde. Táyà sìkútà àrìnrìn-àjò máa ń kéré, èyí tó fi rọ́bà tó dì ṣe tí kì í jò ló wọ́pọ̀, òun náà ni mo fẹ́, ta ló fẹ́ máa wá fọkanáísà fún sìkútà. Lórí táìsì àti interlock kò sí ìṣòro. Lórí iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, táyà iwájú á rì. Ẹ wo bí abẹ́ ẹ̀ ṣe jìnnà sílẹ̀ tó, tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, pèpéle kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ á há a láàárín, táyà á máa yí lásán.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ń yí ní ibi tó há, inú ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló dáa fún. Àmọ́ tí wọ́n bá fi eré yà á lójijì, ó lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni mo máa ń sọ. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́? Wọ́n máa ń kọ iye digírì tó lè gùn sínú ìwé ẹ̀, ti àwọn kékeré yìí sábà máa ń jẹ́ 6 tàbí 8. Ẹni tí ilé ẹ̀ wà lápá Mápó ní Ìbàdàn tàbí lábẹ́ Olúmọ ní Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá fi gun òkè yẹn. Ẹ fi ọkọ̀ gbé wọn dókè, kí wọ́n wá gùn ún ní ibi tó tẹ́jú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé ìwé ńlá méjì tó nípọn tó pèpéle ilé yín sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n gùn ún kọjá. Tí abẹ́ ẹ̀ bá ha ìwé, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ìpele 5: Kí ẹni tó ni ín gùn ún

Irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ háńdù tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀, ó dúró fúnra ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò le, àbí? Àmọ́ tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, kí ló máa ń ṣe? Á di nǹkan mú pinpin. Ohun tí Màmá mi ṣe nìyẹn, ọmọdé kan sáré kọjá níwájú wọn, wọ́n pariwo “Yéè!”, wọ́n fún háńdù mọ́wọ́, sìkútà wá ń sáré sí i, ó di inú àwọn ọ̀pá ìtilẹ̀ tí wọ́n tò sẹ́bàá ògiri, gbogbo ẹ̀ ya lulẹ̀. Ọmọ tó ń tà á ní “no problem, Mummy”, ojú ti pọ́n.

Torí náà, ẹ yí ibi eré sí ìsàlẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn kan, “Ẹ tú u sílẹ̀”, ẹ máa sọ ọ́ lójijì nígbà tí wọ́n bá ń lọ, títí ọwọ́ wọn á fi mọ̀ ọ́n. Bí oríkèé ríro bá ti mú àtàǹpàkò wọn, ẹ wá èyí tó ṣeé fi ìka yòókù fà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìgbà mẹ́wàá lẹ máa sọ ọ́, ìgbà mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ dúró. Mẹ́sàn-án ò tó. Kí wọ́n sì lè dìde lórí ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fà wọ́n.

Ìpele 6: Owó àti ṣájà

Mo ti rí i láti bíi £700 lọ sí £2,500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní UK, ẹni tó bá ní àìlera tàbí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í san VAT (owó orí ọjà) lórí ẹ̀, fọ́ọ̀mù lásán lẹ máa fọwọ́ sí ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí VAT sọ di £1,200, £1,000 lẹ máa san. Àgbà nìkan ò tó o, ọjọ́ orí kì í ṣe àìsàn, àmọ́ orúnkún tí dókítà ti ń tọ́jú láti ọdún mélòó kan tó.

Ẹ yí ṣájà padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá kọ 100-240V, ibi gbogbo ló ti máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, tiyín lè kọ 120V nìkan, tẹ́ ẹ bá ti ṣájà yẹn bọ iná 230V ti Nàìjíríà, èéfín lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ti UK ò ní wàhálà, iná kan náà ni, ẹnu sókẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́rin yẹn náà la ń lò nílé.

Ìpele 7: Ẹ pe àwọn onípléènì

Ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, tó bá jẹ́ UK lẹ ti ń gbéra, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dìgbà yẹn, ọjọ́ tẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì náà ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ sọ fún wọn: gígùn, fífẹ̀ àti gíga ẹ̀ tí wọ́n bá ti ká a, kílò ẹ̀, irú bátìrì àti Wh. Kóòdù tí wọ́n máa kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì ni WCLB fún lithium, WCBD fún bátìrì olójé tí kò lè dà. Màmá fúnra wọn náà ní kóòdù: WCHR ni ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn àmọ́ tí kò lè rìn jìnnà, WCHS ni ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, WCHC ni ẹni tí wọ́n máa gbé dé orí àga ẹ̀. Ẹ má fi ìtìjú mú èyí tó kéré jù, torí àtẹ̀gùn pléènì kì í ṣe àwàdà.

Láti UK, wọn ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lórí sìkútà, ohun ìrìn méjì ni ẹni tó ní àìlera lè mú dání lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ránti ti abẹ́lé, pléènì kékeré ni, ẹnu ibi ẹrù 737 gan-an ò ga tó mítà kan, ti àwọn tó kéré sí i tún há jù bẹ́ẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ọ̀rọ̀ orí fóònù ò tó. Ẹ gba ímeèlì tí Wh bátìrì yín wà nínú ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ máa bá lẹ́nu kọ́ńtà kọ́ lẹ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ìpele 8: Ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbéra

Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí Màmá gùn ún dé ẹnu ọ̀nà pléènì, kí wọ́n sì gbé e wá ẹnu ọ̀nà yẹn náà tẹ́ ẹ bá dé. Níbẹ̀ lẹ máa ti yọ bátìrì, ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ ẹnu ẹ̀, ẹ gbé e sínú báàgì ọwọ́. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ yọ báàgì iwájú ẹ̀ àti ohunkóhun tó bá lè jábọ́, ẹ kó o dání.

Lífà kan wà lẹ́yìn tó ń mú un sí nútírà kí wọ́n lè máa tì í. Ẹ kọ ọ́ ní èdè òyìnbó sí páálí pé ẹ̀yìn ni lífà wà, ẹ fi okùn so ó mọ́ háńdù. Ẹni tí kò bá rí i á wọ́ ọ nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: tó bá ti wà ní nútírà, kò ní bùréèkì rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí ẹ̀ nígbà yẹn, pàápàá ní ibi tó dà gẹ̀rẹ́.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ yí po kẹ́ ẹ tó fi lé wọn lọ́wọ́. Tó bá dé tí nǹkan ti ṣẹ́, ẹ má kúrò ní airport láì gba fọ́ọ̀mù PIR, ìyẹn ìwé ẹ̀sùn ẹrù tó bà jẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí wọn láàárín ọjọ́ 7. Owó gbà-máà-bínú lábẹ́ àdéhùn Montreal, ìyẹn òfin àgbáyé lórí ìrìn àjò pléènì, ò ju 1,519 SDR (owó ìṣirò tí IMF ń lò) lọ, ìyẹn bíi £1,500, torí náà tí tiyín bá wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó fi lé wọn lọ́wọ́ pé ẹ fẹ́ sọ iye tó jẹ́ gan-an sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ti ra ìnṣọ́ránsì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kẹ́ ẹ tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà pléènì, ẹ ti bátìrì bọ̀ ọ́, ẹ dá lífà padà, ẹ tì í. Tí kò bá yí, bùréèkì ti mú, Màmá lè jókòó.

Ìpele 9: Ṣáàjì nílé

Ẹ má ki ṣájà bọ iná NẸ́PÀ ní tààràtà, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn lè jó o. Inverter ló dáa jù, tí kò bá sí, ẹ lo stabilizer. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ohùn ẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ fi ti fíríìjì àti fáànù jẹ́ẹ́. Tí ṣájà bá jẹ́ 2A, bátìrì 12Ah á gbà tó wákàtí 6, ẹ ṣírò ẹ̀ mọ́ iye wákàtí tí iná fi ń wà ládùúgbò. Ẹ má gbé e sínú oòrùn, ẹ má sì ṣáàjì ẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* iná pupa á di àwọ̀ ewé. Ẹ ṣe èyí ní ọjọ́ tó ṣáájú ìnáwó, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ yẹn nígbà tí gbogbo ilé ń wá ibi tí wọ́n máa ki áyọ́ọ̀nù bọ̀.